Ẹni tí Ìbọn Kọjú Sí

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, gbogbo ènìyàn ló rò pé a ti rí ẹ̀yìn wọn nìyẹn. A ò mọ̀ pé Bàríga ni wọ́n ń bọ̀. Inú tẹlifíṣọ̀n Bọ̀ọ̀dá Japhet ni wọ́n kó sí, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a sì máa tò síbẹ̀ láti ọ̀sán kí wọ́n lè yìnbọn fún wọn. Ẹ̀san wà nínú rẹ̀ díẹ̀, kí a má parọ́. Gémù ogun ni. Ẹni méjì lè jọ gbá a pọ̀: tẹlifíṣọ̀n náà á pín sí méjì, tìrẹ lókè, ti ẹnìkejì rẹ nísàlẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ kojú àwọn ṣọ́jà tí kò sí ọmọ ènìyàn kankan tó ń darí wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn.

Kò sí ẹni tó mọ gémù yẹn tó Fọlájìmí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú, kò lágbára, kò lè sáré, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó fi ta wọ́n yọ ni pé kì í kánjú yìnbọn. Á jókòó, á máa wò. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ á máa pariwo pé, "Jìmí, yìnbọn jàre! Àbí fíìmù lo wá wò?" Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: báwo ni àwọn ṣọ́jà kọ̀ǹpútà yìí ṣe ń yan ẹni tí wọ́n máa yìnbọn fún?

Nígbà tó yá, ó rí i. Ó rí i pé kọ̀ǹpútà kì í bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì mọ akọni yàtọ̀ sí ojo. O lè gbé ìbọn tó ga jù ọ́ lọ, kò kàn án. Ẹni tó bá pariwo ló máa ń wá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ síbi ariwo, tí ẹlòmíràn bá sá kọjá níwájú rẹ̀, á gbàgbé ẹni tó pariwo, á tẹ̀lé ẹni tó ń sá. Bí kò bá sí ẹni tó ń sá, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló máa yàn. Tó bá sì ti dájú sọ ọ́ báyìí, ó di kó rí òkú rẹ kó tó wo ibòmíràn. Ẹni tó bá sá là ń lé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí, Jìmí sì fojú ara rẹ̀ rí i nínú tẹlifíṣọ̀n.

"Tí a bá ti mọ ẹni tí wọ́n máa yàn," ló sọ fún Kamaldeen, "àwa la máa bá wọn yàn án."

Kamaldeen ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, abẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti jọ ń kọ́ṣẹ́. Òun ló ní ẹsẹ̀ gígùn, tí ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà, nítorí náà nígbà tí Jìmí ṣàlàyé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún un, Kamal rẹ́rìn-ín títí ó fi mú inú dání. "Ìjẹ nìyẹn o! Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ lo fẹ́ fi mí ṣe. Tí màmá mi bá gbọ́, wọ́n á tà ọ́ pọ̀ mọ́ ẹja." Ó sì gbà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìjẹ ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Japhet, orúkọ náà sì wù ú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn méjèèjì á lúgọ sẹ́yìn ògiri nínú gémù náà. Jìmí á yọjú, á wo ibi tí àwọn ṣọ́jà kọjú sí, á ní, "Ọ̀nà mọ́. Gbéra!" Kamal á sì já sí gbangba láìwọ̀tún wòsì. Gbogbo ìbọn á yí tẹ̀lé e, Jìmí á wá fara balẹ̀ máa ti ẹ̀yìn mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin wọn ni pé Ìjẹ kì í bèèrè ọ̀rọ̀, torí kó tó bèèrè, ìgbà ti kọjá. Nígbà míràn ọ̀nà kì í mọ́ rárá, Jìmí náà sì mọ̀. Kamal á kú, á ju nǹkan ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò ní pẹ́ tó máa jí. Nínú iye ṣọ́jà tí wọ́n ń pa, wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ Ṣómólú. Wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ Palmgrove tí wọ́n ní gémù nílé bàbá wọn. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́, kò tilẹ̀ sí ẹni tó dá a lábàá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà àbùjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìbọn fi dún. Adigunjalè ti wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta wúrà níwájú, ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ o yà fún mi. Àwọn méjèèjì kó sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ, wọ́n da àyà délẹ̀, Jìmí lápá ọ̀tún, Kamal lápá òsì.

Ọ̀kan nínú àwọn olè náà dúró síta, ó ń ṣọ́ títì. Bí Jìmí ṣe ní kí òun fa ẹsẹ̀ mọ́ra báyìí ló tàpá sí páànù omi kan, páànù náà sì yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì. Ó yọjú láàárín búlọ́ọ̀kù méjì. Ọkùnrin náà ti yíjú. Ó ń bọ̀, kò kánjú, ó na ìbọn síwájú, ibi tí ariwo ti wá gan-an ló kọjú sí. Ibẹ̀ sì ni Jìmí wà.

Ẹ̀rù bà á, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ ni, ì bá lọgun, ì bá sunkún, ì bá dìde sá, Ọlọ́run ì bá sì dárí jì í. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orí rẹ̀ tutù, bí ìgbà tó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó pariwo ni ọkùnrin yìí ń wá bọ̀. Tí ẹlòmíràn bá sá kọjá níwájú rẹ̀, á gbàgbé ẹni tó pariwo. Jìmí yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kamal, ọ̀nà mọ́. Gbéra!"

Kamal gbéra. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó já sí gbangba pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀, ìbọn sì yí tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí Jìmí ti mọ̀ pé ó máa yí. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Jìmí kò wẹ̀yìn. Ó gba apá kejì, ó fo gọ́tà, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kan tí ẹni tó ń fọṣọ níbẹ̀ ti sá wọlé fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, títí ó fi gbọ́ pé mọ́tò àwọn olè náà ti lọ.

Nígbà tó padà dé, Kamal wà nílẹ̀, ó ń fi eyín he iyẹ̀pẹ̀, itan rẹ̀ ti fọ́. Jìmí tí rímù pépà máa ń wọ̀ lọ́rùn gbé e sẹ́yìn pọ̀n. Ó gbé e dé títì, ó dúró síwájú mọ́tò tó ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí awakọ̀ náà fi ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n sì gbé e dé ọsibítù Igbóbì kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló rí Jìmí nígbà tó padà wá. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó lọ.

Bí ìyìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ pè é síwájú àwọn oníbàárà, ó ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ò sí mọ́ láyé. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń dúró lójú ọ̀nà kí i. Ìyá Kamal ló wá ṣe èyí tó burú jù. Ní ẹnu ọ̀nà Igbóbì, lójú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ta ọsàn, ìyá náà fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ fún un. Jìmí sáré dọ̀bálẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, ìyá ń dúpẹ́, ọmọ ń bẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń kọjá ò mọ èwo ló ṣẹ èwo.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ ò mọ̀—"

"Kí ni mi ò mọ̀, ọkọ mi? Dókítà ní bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ì bá ti tán lára ẹ̀. Ìwọ lo pọ̀n ọ́n. Èmi tí mo bí i, mi ò pọ̀n ọ́n báyẹn rí."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Jìmí padà sínú. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ti Jìmí wá dojú rú: ẹni tó ṣu ni kò rí i gbàgbé, ẹni tó ń kó o ló ń dúpẹ́.

Kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù gémù mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Japhet sì fi àga fún un bí ẹni ń fi àga fún baálẹ̀. "Jìmí, ẹni wa, máa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí! Ta ló máa bá Jìmí ṣe Ìjẹ?" Wọ́n ń du ara wọn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó jáde. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣì ń dùn ún.

Ó ń lọ sí Igbóbì déédéé. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ Kamal kọ́, wọ́n so ẹrù mọ́ ọn nísàlẹ̀ kí eegun má baà wọnú ara wọn. Èrò kì í dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwọn ẹbí, àwọn ará mọ́sálásí, àwọn tó wá wo Jìmí akọni. Kamal kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á wo Jìmí, á wo òkè. Jìmí rò pé ìrora ni. Ó ń gbàdúrà kí Kamal bú òun, kó gbá òun létí, kó ṣáà ṣe nǹkan kan tí òun máa fi mọ ibi tí òun dúró. Dókítà ti sọ pé ó máa rìn, ó máa lo ọ̀pá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kó máà tún retí pé òun máa sáré mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ "ó máa rìn," kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ní òun máa ṣe sàráà.

Ó ní orúkọ Jìmí ni òun máa fi ṣe é.

Ojú Jìmí ò rí oorun lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ló gba Ìlàjẹ lọ, ó bá ìyá náà níbi tó ti ń yí ẹja lórí wáyà, èéfín bò ó lójú.

"Màmá, ẹ má dá orúkọ mi níbi sàráà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́. Kò tọ́ sí mi."

Ìyá náà gbé ojú sókè, ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Hẹn-ẹn. Mo ti mọ̀ pé o máa sọ ọ́. Torí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, àbí? Jìmí, Ọlọ́run méjì ò sí. Àáfà wa ò ní sọ ọ́ di Mùsùlùmí. Àdúrà lásán ni."

"Kì í ṣe ìyẹn, Màmá."

"Ìyẹn ni. Ojú ń tì ọ́ ni. Ọmọ tó bá ṣe rere tí kò fẹ́ ariwo, irú wọn ni Ọlọ́run fẹ́ràn." Ó ti ki ẹja kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹja gbígbóná tó tóbi jù lórí wáyà. "Jẹ ẹ́, o ti rù."

Kí ló yẹ kó ṣe? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ohun tó yẹ ló mọ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, ó wo obìnrin tí inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti yìnbọn lu ọmọ rẹ̀. Ó jẹ ẹja náà. Ojú tì í pé ó dùn.

Lọ́jọ́ sàráà, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé. Wọ́n mú Jìmí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà. Wọ́n gbé àkàrà àti mílíkì kalẹ̀, àáfà ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó bèèrè orúkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un, ó tọrọ aya rere, ó tọrọ iṣẹ́ tí kò ní bà jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń kọjá lára Jìmí bí omi lára ewé kókò. Lẹ́yìn náà ni àáfà gbé ohùn sókè.

"Bí Fọlájìmí yìí ṣe ṣe fún Kamaldeen, Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí O ṣe fún òun náà!"

"Àmín!" Gbogbo wọn jọ ké e, ìyá Kamal ló ké tirẹ̀ sókè jù.

Wọ́n ń wo Jìmí, wọ́n ń dúró kó ṣe àmín sí àdúrà ara rẹ̀. Ó ṣe é. Ó wá yé e pé kò sí ibi tí òun lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sá sí mọ́.

Nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ tán, ìyá Kamal di àkàrà sínú abọ́ onídèérí, ó ní kí Jìmí gbé e lọ fún Kamal kó tó tutù. Ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo àlejò wà níbi sàráà, kò sẹ́nì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jìmí gbé abọ́ náà kalẹ̀. Kò jókòó.

"Kamal, ọ̀nà ò mọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Kamal ń wo okùn tó so ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni mo tàpá sí páànù. Ọ̀dọ̀ mi ni bọ̀bọ́ yẹn ń bọ̀. Mo ní kí o sáré kó lè fi mí sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, Kamal. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ ló máa yàn."

"Mo mọ̀," ni Kamal wí.

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Ihò wà lára búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú mi. Mo rí i. Mo rí bàtà ẹ̀, mo rí ẹnu ìbọn. Mo rí i kedere pé ọ̀nà ò mọ́."

Jìmí di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú. "Kí ló wá dé tó o fi jáde?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ọ̀nà mọ́." Kamal sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Mo ní bóyá Jìmí ti rí ohun tí èmi ò rí."

Jìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, ó sì sunkún, ẹkún àgbàlagbà tí kò ní ohùn. Kamal jẹ́ kó sunkún díẹ̀.

"Ó tó, abeg. Nọ́ọ̀sì á rò pé mo ti kú."

Nígbà tí Jìmí dìde, Kamal yíjú sí i tán pátápátá, fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má parọ́ fún mi. Ká ní èmi ni mo ní ọ̀nà mọ́, tí ìwọ sì rí i pé kò mọ́, ṣé wàá jáde?"

Jìmí wá irọ́ náà, ó rí i, irọ́ kékeré, irọ́ aláàánú. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò lè pa á.

"Rárá."

Kamal mi orí. "Mo ti mọ ìyẹn náà. Mo kàn fẹ́ kí o bá mi sọ òótọ́ kan ni." Ó na ọwọ́ sí abọ́, ó ṣí i, ó mú àkàrà, ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ó tún mú òmíràn. Kò fi lọ Jìmí. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ìbora.

"Sọ fún màmá mi pé mo jẹ ẹ́. Má sọ nǹkan míì fún wọn."

"Kamal, mo fẹ́ sọ fún wọn. Mi ò lè máa gba ìdúpẹ́ wọn báyìí."

"Mo mọ̀ pé o ò lè gbà á. Máa gbà á bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti wà níbí, màmá mi ń pe ara wọn ní ìyá ọmọ méjì. Ẹsẹ̀ èmi ti lọ. Ìwọ má tún lọ."

Kamal yíjú sí ògiri. Jìmí gbé abọ́ náà, ó sì lọ.

Ìyá Kamal ń gbálẹ̀ iwájú ilé nígbà tó dé. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó rí i pé ó ti ṣófo.

"Gbogbo ẹ̀ ló jẹ?"

"Gbogbo ẹ̀, Màmá."

"Alihamudulilai! Ọlọ́run á bá mi dá ọ lọ́lá, Jìmí. O ò ní mọ ọ̀tá, o ò ní ṣìnà."

"Àmín, Màmá."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ tí òórùn ẹja kì í kúrò lára rẹ̀, ó ń pè é ní ọmọ òun, ó ń pè é ní ọkọ òun, àdúrà náà sì pọ̀. Jìmí tẹ orí ba fún un. Ó dúró níbẹ̀ títí ó fi ṣe é tán.